Ọlọ, Aró àti Kànga: Bí Omi Odò Wandle Ṣe Ń Ga Tó Sì Ń Fà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkó, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó yọjú, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé Croydon, Mitcham, Tooting àti Wandsworth ni ọ̀pọ̀ yín ti wá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. Àwa mélòó níbí ló mọ̀ pé etí odò kan náà ni a jọ ń gbé?

Bọ́ọ̀sì á gorí afárá kékeré, a ó bojú wolẹ̀, a ó rí omi tí kò ju orúnkún lọ, koríko omi ń mì nínú rẹ̀, ọ̀rá sì há sára igi. Bọ́ọ̀sì á kọjá, a ó gbàgbé. Wandle ni odò yẹn ń jẹ́. Ta ló máa wò ó kó gbà pé òun ló lọ alikama, aṣáà àti ẹ̀tù ìbọn, tó sì lu irin bàbà, fún Lọ́ńdọ̀nù? Pé òun ló fọ aṣọ, tó fún bébà lómi, tó fún ilé ìpọntí lómi?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Nígbà tí oúnjẹ àwọn ènìyàn wà nínú bí omi odò yìí ṣe ga tó, ojú wọn kì í kúrò lára omi. Nígbà tí oúnjẹ kúrò níbẹ̀, ojú náà kúrò, odò sì kú. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, ibẹ̀ yẹn ló ń lọ.

Ibi tí omi ti ń wá

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn òkè kan wà ní gúúsù Croydon tí wọ́n ń pè ní North Downs. Ẹfun ni wọ́n, ẹfun funfun gidi. Ẹfun kò dà bí àpáta dúdú tí òjò ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní ojú wínníwínní, ó ní ibi tó sán, òjò tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á rì wọlé. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni omi á kóra jọ sí, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí yóò fi bá ẹsẹ̀ òkè, á wá sun jáde ní Carshalton, ní Waddon àti ní agbègbè Croydon. Ẹ̀ka méjì ni, wọ́n pàdé nísàlẹ̀ Carshalton, wọ́n sì di ọ̀kan lọ bá Thames ní Wandsworth. Gbogbo ìrìn náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 14.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ẹfun ṣe? Àkọ́kọ́, omi rẹ̀ kì í ga lójijì, kì í sì í fà lójijì. Ilẹ̀ ti bá wa tọ́jú òjò bí ìgbà tí èèyàn tọ́jú owó sínú àjọ. Èkejì, láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, nítorí náà ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 10 tàbí 11 lórí ìwọ̀n Celsius, ìgbà ooru àti ìgbà òtútù. Nígbà tí yìnyín bá sọ odò mìíràn di òkúta, ọlọ Wandle ṣì ń yí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ilé iṣẹ́ tí kì í tì.

Àwọn òjò tó ń wọ inú ẹfun jù ni ti October sí March. Igi ti wọ́wé nígbà náà, oòrùn kò le, omi ń ráyè sọ̀ kalẹ̀. Òjò ìgbà ooru, gbòǹgbò àti oòrùn ló máa ń pín in mọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìsun fi ń ga jù ní ìparí ìgbà òtútù, tí wọ́n sì ń fà jù nígbà tí September àti October bá dé. Ìgbà òtútù kan tí òjò kò bá rọ̀ tó, ìgbà ooru tó tẹ̀lé e ni a ó ti mọ̀ ọ́n lára.

Ọlọ, àti ohun tí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lè bàjẹ́

Láti orísun dé Thames, ilẹ̀ fi ju mítà 30 lọ rẹlẹ̀. Fún odò kúkúrú bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ gan-an. Ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ṣe ní 1086 ka ọlọ 13 létí Wandle. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, wọ́n ti ju 30 lọ, wọ́n tò bí ìsọ̀ ọjà.

Báwo ni omi ṣe ń lọ nǹkan? Ohun méjì ni ọlọ́lọ máa ń wò. Ìkíní ni iye omi tó ń ṣàn. Ìkejì ni ìjábọ́ omi, ìyẹn ni bí ó ṣe jìn tó láti ojú omi lókè ọlọ sí ojú omi ní ìdí ọlọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i. Ká ní lítà 1,000 ń ṣàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìjábọ́ rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Ẹ fi 9.81 sọ 1.5 di púpọ̀: agbára tó wà nínú omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì 15. Kẹ̀kẹ́ omi kò lè gba gbogbo rẹ̀. Èyí tí omi ń tì nídìí nìkan máa ń gba bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Èyí tí omi ń bọ́ sí láyà lè gba ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Èyí tí omi ń bọ́ lé lórí ló ń gbà jù, àmọ́ ó nílò ìjábọ́ tó ga ju kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. John Smeaton, onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòṣe kékeré dán èyí wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1759: omi tó bọ́ lé kẹ̀kẹ́ lórí ṣiṣẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó tì í nídìí.

Létí Wandle, ọlọ sún mọ́ ọlọ, ìjábọ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ìdí àti kẹ̀kẹ́ àyà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú kílówáàtì 15 tí a kà yẹn, ọlọ́lọ tó ní kẹ̀kẹ́ àyà á rí bíi 8 lò, ìyẹn jẹnẹrétọ̀ kékeré mẹ́jọ tí kì í mu epo, tí kì í sì í sùn.

Ibi tí ìjà ti ń wá rèé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà ń fẹ́ ìjábọ́ púpọ̀. Kí ló máa ṣe? Á fi pákó kan kún orí ìsédò rẹ̀, kí omi tirẹ̀ ga. Omi náà á wú padà sẹ́yìn, á dé ìdí ọlọ ẹni tó wà lókè. Kẹ̀kẹ́ ẹni òkè á wá máa wẹ̀ nínú omi tó yẹ kó ti lọ. Ká ní omi ìdí ọlọ fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ga sí i: ìjábọ́ mítà kan ààbọ̀ di 1.2, ìdá márùn-ún agbára kan ti lọ nìyẹn, kí a tó ka omi tí kẹ̀kẹ́ ń gbé sókè lásán bí ó ṣe ń jáde. Ọlọ á fà. Ìyẹ̀fun á dín. Pákó kan ṣoṣo, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ọwọ́ méjì lọ!

Ẹ wá rí i pé kò sí ẹni tó ń sọ pé "odò kún" tàbí "odò fà" lásán. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń mọ àmì sára ògiri àti òpó, wọ́n ń bá ara wọn dé ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn omi rẹ̀ ní òru láti kó omi jọ, òwúrọ̀ ni ẹni ìsàlẹ̀ máa mọ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kò ní yí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ìjà wọn ni ó ń ṣọ́ odò.

Ní Morden, ilé ọlọ aṣáà ṣì wà nínú ọgbà Morden Hall. Aṣáà tí àwọn bàbá wa ń fín gan-an ni mo ń wí, ewé tábà lílọ̀. 1922 ni wọ́n ti í. Kẹ̀kẹ́ kan ṣì dúró níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Rélùwéè tí omi dá sílẹ̀

Èyí kò gùn, àmọ́ ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1700 àwọn oníṣòwò fẹ́ ọ̀nà tí ẹrù máa gbà láti Croydon dé Thames. Ohun tí ayé ìgbà náà mọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá fún ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n pe William Jessop, onímọ̀ ẹ̀rọ, kó wá wò ó. Ó wo Wandle, ó ní omi tí odò àtọwọ́dá náà máa gbà, ẹnu àwọn ọlọ ló máa ti jáde. Omi kan kò lè ṣiṣẹ́ méjì. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n tẹ́ irin. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i ní 1801, wọ́n sì ṣí Surrey Iron Railway ní July 1803. Ẹṣin ló ń fà á, ẹrù nìkan ló ń gbé, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ẹrù tirẹ̀ á san owó ibodè, á gùn ún. Òun ni rélùwéè àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí fún gbogbo ará ìlú tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ odò àtọwọ́dá kankan. Kí ló bí i? Ìbẹ̀rù pé omi ọlọ máa fà.

Aró ní Merton

Ẹ̀yin ìyá wa tó wá láti Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, tiyín rèé. Ní 1881 William Morris, oníṣọ̀nà aṣọ, kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Merton létí Wandle. Ìdí tó fi lọ ni omi: ó dán an wò, ó rí i pé ó dára fún ìpaláró. Omi tó ti inú ẹfun wá ní kálísíọ̀mù, kálísíọ̀mù sì máa ń jẹ́ kí pupa tí wọ́n ń rí láti ara gbòǹgbò madder mú dáadáa.

Ṣùgbọ́n aró ni mo fẹ́ sọ. Àwọn aláró wa mọ̀ pé ẹlú kì í mú aṣọ nínú omi lásán. Wọ́n á gún un, wọ́n á sá a, wọ́n á fi omi eérú ṣe é, wọ́n á jẹ́ kó kan nínú ìkòkò. Aṣọ tí a bá ti bọ̀ ọ́, bí ewé ló máa ń rí bó ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ní Merton náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: àgbá aró tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, á wá di àwọ̀ aró lójú yín.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ọnà orí aṣọ. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ tiwa á kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ làfún ya ọnà, kí aró má bàa dé ibẹ̀, kó tó bọ aṣọ. Morris ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó máa ń pa gbogbo aṣọ láró tán, á wá fi pátákó tí wọ́n gbẹ́ tẹ oògùn tó ń bó àwọ̀ sí i, funfun á yọ níbi tó bá kàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi pupa àti ìyeyè kún ojú funfun yẹn. Láàárín ìpele kan àti èkejì, fífọ̀ ni. Bí oògùn bá kù sára aṣọ, yóò máa jẹ ẹ́ lọ, etí ọnà á ṣú, aṣọ á sì rà. Nítorí náà omi tó ń ṣàn tí kò dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ yìí nílò, kì í ṣe omi inú báàfù. Wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú odò, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí koríko fún oòrùn. Ó sọ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ rẹ̀ ní Wandle ní 1884. Ilé iṣẹ́ náà wà ní Merton títí di 1940.

Liberty, ilé ìtajà aṣọ, gba àwọn ilé ìtẹ̀wé-aṣọ tó wà nítòsí ibẹ̀ ní 1904, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1972. Kẹ̀kẹ́ omi wọn ṣì ń yí títí di òní. Ẹ kíyè sí i, kẹ̀kẹ́ yẹn kò lọ ohunkóhun. Fífọ aṣọ ló ń bá wọn ṣe.

Kànga Croydon

Wàyí o, àwọn àgbà wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Wandle kò gbàgbé orísun rẹ̀. Orísun náà ni wọ́n mu.

Ní àárín àwọn ọdún 1800, Croydon ń pọ̀ sí i, àìsàn inú omi ìdọ̀tí ń pa ènìyàn. Ìgbìmọ̀ ìlera ìlú gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi mímọ́ fún ará ìlú. Iṣẹ́ rere ni o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n omi tí kànga náà ń fà, inú ẹfun kan náà tó ń bọ́ Wandle ló ti ń wá. Ọlọ́lọ kan tó ń jẹ́ Chasemore, tí ọlọ rẹ̀ ti ń lo omi náà fún ohun tó ju 60 ọdún lọ, rí i pé omi òun ń dín. Ó pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́, lórúkọ akọ̀wé wọn, Richards. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá a ní 1859.

Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní omi tó ń ṣàn lójú ọ̀nà tí a mọ̀, ẹni ìsàlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Omi tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ tí a kò mọ ojú ọ̀nà rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ìgbà pípẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè gbẹ́ kànga kó fa iye tó bá wù ú. Chasemore pàdánù.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Pákó kan lórí ìsédò, ó lè gbé ọ dé ilé ẹjọ́. Kànga tó ń gbé odò mì láti ìdí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òfin rí ojú omi, kò rí abẹ́ rẹ̀. Ó di 1963 kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé níbi gbogbo, ẹni tó bá fẹ́ fa omi púpọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, yálà lójú odò tàbí lábẹ́ ilẹ̀. Èyí kàn wá nílé pẹ̀lú, nítorí 1863 ni wọ́n kó òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, òfin orí omi ti Nàìjíríà tó fi àkóso omi abẹ́ ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò sì dé títí di 1993. Gbogbo ẹni tó ní bọ́ọ̀hóòlù ní Ìbàdàn, ẹ lọ ronú sí i.

Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, kànga pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi dé, iná mànàmáná dé, ọlọ kò nílò kẹ̀kẹ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ kúkú wà létí odò, àmọ́ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ló dà fún wọn. Ẹni tí kò nílò kí omi ga, kò bìkítà bí ó bá fà. Omi tó bá sì fà kò lágbára láti gbé ìdọ̀tí lọ. Ìwọ̀n májèlé kan náà nínú omi ìlàjì jẹ́ májèlé ìlọ́po méjì. Nígbà tó fi máa di 1960 sí 1969, ojú gọ́tà ni ìjọba kà á sí. Àwọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ awọ àti alápaláró bá lò lọ́jọ́ kan, ni odò ń wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Odò òní

Lónìí, omi ti mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja trout ti padà. Àwọn ará agbègbè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń kó táyà àti kẹ̀kẹ́ ìràjà jáde. Ní 2012 wọ́n ṣí odò padà sójú ayé nínú ọgbà Wandle Park ní Croydon, níbi tí wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Nígbà ọ̀dá, ẹ̀rọ ló ń fa omi láti ìsàlẹ̀ padà sókè sí Carshalton kí orísun má bàa gbẹ. Láti Beddington, níbi tí ilé iṣẹ́ ìfọ omi ìdọ̀tí wà, sísàlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi ìgbà ọ̀dá jẹ́ omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Bí ìfọ̀mọ́ bá yingin lọ́jọ́ kan, odò kò ní omi mìíràn tó máa fi là á. Ní September 2007, oògùn tí wọ́n fi ń fọ asẹ́ níbẹ̀ bọ́ sínú odò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja ló kú.

Ohun kejì: ilẹ̀ Croydon ti di kọnkéré. Òjò tó yẹ kó rì sínú ẹfun ń sáré gba gọ́tà bọ́ sódò, omi ga láàárín wákàtí kan sí méjì, á sì tún fà kíá. Odò méjì ló wà nínú ọ̀kan báyìí, onísùúrù tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá, àti oníkánjú tó ń ti ojú títì wá.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ń wọn gíga omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ṣì ń jẹ́ Connollys Mill. Ọlọ lọ, orúkọ kù. Àmọ́ gíga omi yàtọ̀ sí iye tó ń ṣàn. Ní June, koríko omi á hù kún odò, á dí omi lọ́wọ́, gíga á lọ sókè nígbà tí ìṣàn ń dín. Ẹni tó wo gíga omi nìkan á rò pé odò ń kún.

Ẹ mú okùn, aago àti ọsàn kan. Ọsàn ni kí ẹ lò, ẹ má lo ewé, torí ọsàn ń rì kọjá ààbọ̀, atẹ́gùn kò lè tì í. Ẹ wá ibi tó tọ́ tí kò jìn, níbi tí omi kò ti ń yí po, kí ẹ sì má dá lọ. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọn jíjìn rẹ̀ níbi márùn-ún láti etí kan dé èkejì, ẹ dá wọn pọ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Ẹ ju ọsàn sí àárín, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi rin mítà 10, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní fífẹ̀ jẹ́ mítà 6, jíjìn 0.4, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 25. Eré rẹ̀ jẹ́ mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí omi ojú ń sáré ju omi ìdí lọ: 0.34. Ẹ fi 6 sọ 0.4 di púpọ̀, 2.4. Ẹ wá fi 0.34 sọ 2.4 di púpọ̀: 0.816, ìyẹn lítà 816 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú odò rárá, orí afárá ni kí ẹ ti wò ó. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé omi ga, ọsàn sì ń fà ẹsẹ̀, ẹ rìn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀: yálà koríko ni, tàbí ẹnì kan ti ju mátírẹ́ẹ̀sì sórí ìsédò àtijọ́. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti iye sínú ìwé, kí ẹ padà síbẹ̀ gan-an ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ó yá.